Ojú 24 Lára Ẹ̀dá Tí Kò Ní Orí

Ẹ̀dá kan wà nínú òkun tó ní ojú 24, tí kò sì ní orí tí ì bá gbé wọn sí. Kò ní egungun, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní ọpọlọ tó jókòó sójú kan. Ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹ lè máa wò ó, kí ẹ sì máa rò pé omi lásán lẹ̀ ń wò. Jẹ́lífíìṣì alápòótí ni mò ń sọ, èyí tí ara rẹ̀ ní igun mẹ́rin bí àpótí, tí kò rí roboto bíi ti àwọn jẹ́lífíìṣì yòókù. Bí ẹ bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ikú ni wọn yóò kọ́kọ́ fi kí yín káàbọ̀: abàmì olóró, apani má yọdà, ẹ sá fún un. Òótọ́ kúkú ni, ó ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń fi iṣẹ́ ojú jẹun, inú máa ń bí mi díẹ̀ pé ariwo ikú yẹn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibi tó dùn jù lára ẹ̀dá náà.

Ìbàdàn ni mo wà, ṣọ́ọ̀bù awò ojú kan ní Mọ́kọ́lá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òkun kò sí nítòsí wa. Omi tí àwa mọ̀ ni Ògùnpa, tó ya wọ ìlú lọ́dún 1980 tó sì gbé èèyàn lọ, àti adágún Ẹlẹ́yẹlé. Kò sí èyí tí jẹ́lífíìṣì alápòótí lè gbé nínú méjèèjì, torí omi iyọ̀ ni tirẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló fà mí wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti kó lọ sí àríwá Queensland ní Ọsirélíà. Lọ́jọ́ kan ó ya fọ́tò pátákó kan létíkun, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwòrán ẹnì kan nínú omi ló wà lára pátákó náà, nǹkan bí okùn wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìgò fínígà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí i pé, "Bùọ̀dá mi, ẹ wo ibi tí mo wá bá ara mi. Fínígà tí màmá máa ń dà sí sàláàdì lọ́dún Kérésì, oògùn etíkun ni níbí."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kà nípa rẹ̀ nígbà tí oníbàárà kò bá sí.

Ẹni tó bá ṣe báyọ́lọ́jì fún WAEC ti ya àwòrán ẹbí rẹ̀ kan rí. Haidra yẹn, tí tíṣà ní ká fi rúlà fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká sì kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀, ẹbí jẹ́lífíìṣì ni, òun àti iyùn inú òkun. Ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí ń gbà jáde. Gbogbo wọn ló ń ta oró. Nínú ìdílé ńlá yìí, nǹkan bí 50 ẹ̀yà ni àwọn alápòótí, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì lè pa èèyàn. Èyí tó ba àwọn yòókù lórúkọ jẹ́ ni Chironex fleckeri, tó ń gbé etí òkun àríwá Ọsirélíà. Ara rẹ̀ lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Fọ́nrán tó ń so rọ̀ ní igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè tó 15, èyí tó jẹ́ 60 lápapọ̀, ọ̀kan sì lè gùn tó mítà 3. Láti ọdún 1883, àwọn tó ti pa ní Ọsirélíà lé ní 60.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Èèyàn á wọ omi, á ké, á kú, wọn kò ní rí nǹkan kan nínú omi. Ní oṣù January 1955, ọmọkùnrin ọlọ́dún 5 kan kú báyẹn ní ìlú Cardwell. Dókítà kan tó ń jẹ́ Hugo Flecker ní kí àwọn ọlọ́pàá fi àwọ̀n gbá gbogbo ohun tó wà nínú omi ibẹ̀ jọ. Oríṣi jẹ́lífíìṣì mẹ́ta ni àwọ̀n kó, ọ̀kan nínú wọn kò sì tíì ní orúkọ nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ronald Southcott ló sọ ọ́ lórúkọ, ó sì fi ti Flecker kún un.

Ìtàn kejì rèé, èyí tí mi ò lè sọ kí n má mi orí. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí ìlú Cairns, ní Queensland kan náà, máa ń jáde nínú omi pẹ̀lú ìtani kékeré tí kò tó nǹkan. Bí ó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n bí ẹni pé yóò ṣẹ́, wọ́n á máa bì, òógùn á bò wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn á ru. Ẹ̀rù kan tí kò nídìí á sì mú wọn, tí wọ́n á fi gbà pé ikú ti dé. Flecker ti fún àìsàn yìí lórúkọ ní 1952, ó pè é ní Irukandji, orúkọ àwọn ọmọ onílẹ̀ etíkun náà. Ohun tó ń fà á ni kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ìgbà tí dókítà mìíràn, Jack Barnes, rí jẹ́lífíìṣì alápòótí kan tí ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ní 1961. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni? Ó jẹ́ kó ta òun fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ kó ta ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọlọ́dún 9. Ó tún jẹ́ kó ta ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣọ́ etíkun. Ilé ìwòsàn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn. Wọ́n yè é, ẹ̀dá náà sì di Carukia barnesi. Ká ní Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀ ni, ìyá ọmọ yẹn ì bá ti kó mọ̀lẹ́bí bo ilé dókítà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò sì ní sí ẹni tí yóò bá a wí.

Oró náà kì í ṣe bíi ti ejò tó ń fi eyín buni jẹ. Àwọn àpò tín-ín-tìn-tín ló tò sára fọ́nrán, wọ́n pọ̀ lọ súà, ojú lásán kò sì lè rí ọ̀kan nínú wọn. Inú àpò kọ̀ọ̀kan ni okùn oníhò kan ká jọ sí, ẹ̀gún wà lára rẹ̀, oró wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì há mọ́ra bámúbámú. Bí awọ ara bá ti kàn án pẹ́nrẹ́n, àpò á bẹ́, okùn á yọ, á gún onítọ̀hún. Àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì fi kámẹ́rà wọn bí ó ṣe ń yára tó, lára haidra tí a jọ mọ̀ yẹn: ìbẹ́ náà kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ka ìlà yẹn lákàtúnkà. Ẹ̀dá tí a fi pẹ́ńsù HB yà sínú ìwé, tí tíṣà fún mi ní 6 nínú 10 lé lórí!

Nígbà tí oró Chironex bá wọlé, àwọn pròtéènì inú rẹ̀ á lu sẹ́ẹ̀lì ní ihò. Pòtásíọ̀mù tó yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á tú jáde, ọkàn kì í sì í gba irú ẹ̀ mọ́ra. Bí fọ́nrán tó wé mọ́ èèyàn bá pọ̀, ọkàn lè dúró láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 5. Fínígà tó wà létíkun kì í pa oró tó ti wọ ara. Àwọn àpò tí kò tíì bẹ́ ló ń dá dúró, torí fọ́nrán tó já sára èèyàn ṣì kún fún wọn. Oògùn apòró tí wọ́n ń lò láti 1970 wà, ara àgùntàn ni wọ́n ti ń mú un jáde. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sydney rí i pé oró náà nílò kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ara sẹ́ẹ̀lì kó tó lè ríbi wọlé. Wọ́n fún eku ní oògùn tó ń fa kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kúrò, awọ eku náà kò sì bàjẹ́ bó ṣe yẹ kó bàjẹ́. Àbúrò mi sọ fún mi pé láyé àtijọ́, àwọn tó ń ṣọ́ etíkun níbẹ̀ máa ń wọ sítọ́kìn obìnrin láti ẹsẹ̀ dé ọrùn. Awọ ara ni àpò oró ń wá, aṣọ fẹ́lẹ́ sì tó láti já a kulẹ̀.

Kí ló wá nílò irú oró bẹ́ẹ̀ fún? Àwa kọ́ ló ṣe é fún. Ara rẹ̀ rọ̀ ju kó bá ẹnikẹ́ni jà lọ. Ẹja kan tó bá ń jà fitafita lè ya á bí ọ̀rá, nítorí náà oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Chironex bá kéré, edé ló ń jẹ. Bó bá dàgbà, ó kọjú sí ẹja, oró rẹ̀ náà á sì yí padà láti bá ẹran tuntun mu. Ìjàpá òkun kò tilẹ̀ ka gbogbo èyí sí. Ó ń jẹ ẹ́ tòun ti fọ́nrán.

Ó tó nípa oró. Ojú ni mo fẹ́ sọ.

A máa ń sọ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èyí kò ní orí tó fẹ́ ṣọ́, síbẹ̀ ó kó ojú jọ bí ẹni tó ń retí olè. Ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ara rẹ̀, kòtò kékeré kan wà, ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì so rọ̀ nínú rẹ̀. Orí ọ̀pá yẹn ni ojú 6 wà. Mẹ́rin nínú wọn kò ju ihò lásán lọ, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni wọ́n mọ̀. Àwọn méjì tó kù ló mú mi dìde jókòó. Wọ́n ní lẹ́ńsì, wọ́n ní rẹ́tínà, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní kọ́níà, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ojú, bíi tiwa. Ọ̀kan ń wo òkè, èkejì ń wo ìsàlẹ̀. Èyí tó ń wo ìsàlẹ̀ tilẹ̀ lè fún ọmọlójú rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀.

Ní ìdí ọ̀pá náà, òkúta kékeré kan wà tó ń fi ìwúwo fà á sísàlẹ̀. Bí ẹ̀dá náà bá dojú dé, bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òkúta yẹn á máa fà, ojú òkè á sì máa wo òkè bákan náà. Ohun tí wọ́n fi ṣe òkúta náà ni POP, àní POP tí àwọn oníṣẹ́ ń fi ṣe àjà ilé ní Bódìjà. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní orúkọ gígùn tí wọ́n ń pè é, nǹkan kan náà ni.

Kí ni ojú náà ń wò lókè? Ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní Tripedalia cystophora, kò ju èékánná lọ, àárín gbòǹgbò igi mángúrófù ní agbègbè Kàríbíánì ló ń gbé. Níbi tí oòrùn bá ti là wọ inú omi láàárín àwọn gbòǹgbò yẹn, àwọn kòkòrò omi tín-ín-tìn-tín tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ máa ń pọ̀ síbẹ̀. Bí omi bá gbé e jáde kúrò lábẹ́ igi, ebi ni. Ní 2011, àwọn onímọ̀ méjì, Anders Garm àti Dan-Eric Nilsson, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ojú òkè yẹn ń wò gba inú omi jáde sínú afẹ́fẹ́, pé orí igi ló ń wá. Wọ́n kó àwọn jẹ́lífíìṣì náà sínú ohun èlò tó mọ́lẹ̀ gaara nínú omi Puerto Rico, wọ́n ń gbé e jìnnà sí igi díẹ̀díẹ̀. Ibi tí igi wà ni wọ́n ń kọrí sí, kódà ní mítà 8. Nígbà tí igi kò hàn mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri láìmọ̀nà. Ẹ̀dá inú omi tó ń fi igi òkè ilẹ̀ mọ ọ̀nà ilé rẹ̀!

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan iṣẹ́ mi gan-an ni lẹ́ńsì. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Lẹ́ńsì náà dára ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú tí à ń tà, bí ẹ bá gbé ọ̀kan sókè tí ẹ ń wo férémù ilẹ̀kùn gba inú rẹ̀, tí ẹ sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀, férémù tó tọ́ gbọnrangandan á máa tẹ̀ bó bá ti ń sún mọ́ etí lẹ́ńsì. Ti jẹ́lífíìṣì yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín rẹ̀ ki, ó ń fúyẹ́ lọ síhà etí ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín àti èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ sì ń pàdé lójú kan náà. Kò sí iléeṣẹ́ tí kò ní yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: ojú kan tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé yẹn kò bọ́ sórí rẹ́tínà. Ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń bọ́ sí. Rẹ́tínà ti sún mọ́ lẹ́ńsì jù. Lẹ́ńsì àtàtà, àwòrán bàìbàì.

Bí èèyàn bá gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa, a ó kọ nọ́ńbà awò fún un kó tó jókòó tán. Fún jẹ́lífíìṣì yìí, bàìbàì náà ni oògùn. Omi ibẹ̀ kún fún ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ àti kòkòrò tó ń fò kiri. Bó bá rí gbogbo rẹ̀ kedere, tí kò sì ní ọpọlọ tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ni yóò wá fi ṣe? Ojú tó ń ríran bàìbàì máa ń pa àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ rẹ́. Ohun ńlá tó dúró sójú kan ló ń kù, ìyẹn gbòǹgbò igi, èyí tó lè forí sọ.

Mo rántí ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà. Mo ti férémù àyẹ̀wò bọ̀ ọ́ lójú, mò ń pààrọ̀ lẹ́ńsì níkọ̀ọ̀kan, mo ń ní kí wọ́n ka ìlà tó kéré jù lọ lára ògiri. Wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ ka ìyẹn? Owó ni kí n rí. Kí n dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mọ̀ yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún kan bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí wọ́n má fi rẹ́ mi jẹ." Mo yọ lẹ́ńsì, mo mú owó méjèèjì jáde lápò mi, mo na ọwọ́ síwájú wọn ní ìwọ̀n bí oníbàárà ṣe ń nàwọ́ sí wọn lọ́jà, orí ìyẹn la sì fìdí nọ́ńbà wọn kalẹ̀ sí. Ìwé ẹ̀kọ́ wa kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ tẹ̀ríntẹ̀rín, ògiri ṣì rí bàìbàì lójú wọn láti ọ̀ọ́kán. Ẹnu ọ̀nà wa ni àwọn èèyàn máa ń dúró sí tí wọ́n á máa bi mí léèrè ojú tó "pé". Mi ò tíì rí i. Ojú tó bá iṣẹ́ ẹni tó ni ín mu ni mo mọ̀, ẹ̀dá inú òkun yìí sì ti fi ojú 24 ṣe é: eléyìí fún òkè, eléyìí fún gbòǹgbò, àwọn yẹn fún ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan kì í dá sí iṣẹ́ ìkejì.

Àwọn kan á ní, ó dáa, ojú wà, ṣùgbọ́n láìsí ọpọlọ, ta ló ń wo ohun tí ojú rí? Òrùka iṣan kan ló yí ara rẹ̀ ká. Lára Tripedalia, nǹkan bí 1,000 sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ló wà lórí ọ̀pá ojú kọ̀ọ̀kan. Ní 2023, Jan Bielecki, Garm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi í sínú agbada omi roboto, wọ́n sì fi ìlà aláwọ̀ eérú àti funfun yí ògiri rẹ̀ ká. Ìlà aláwọ̀ eérú yẹn máa ń hàn bí gbòǹgbò tó ṣì jìnnà. Ó kọ́kọ́ ń forí sọ ògiri. Láàárín ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀ péré, ó ti ń jìnnà sí ògiri ju tàtẹ̀yìnwá lọ, iye ìgbà tó ń forí sọ ọ́ sì ti dín sí ìdajì. Wọ́n tilẹ̀ gé ọ̀pá ojú kan kúrò lára, wọ́n fi ìlà hàn án, wọ́n ń fi iná mànàmáná díẹ̀ tọ́ ọ bí ẹni pé ó forí sọ nǹkan. Ojú tó dá wà lásán yẹn kọ́ ẹ̀kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì "yà síbòmíràn" ránṣẹ́ sí ara tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò mọ bí ó ṣe rí lára yín, ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ti oró lọ.

Mo lè máa bá a lọ. Mo lè sọ pé akọ àti abo Tripedalia máa ń fi fọ́nrán di ara wọn mú kí akọ tó fi àpò àtọ̀ lé abo lọ́wọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ jẹ́lífíìṣì kò mọ̀ ọ́n ṣe. Tàbí pé wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ Chironex lára, wọ́n sì rí i pé ó ń rìn lójú ọ̀sán, tí ó sì ń dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ òkun lóru, tí àwọn olùwádìí fi ń jiyàn bóyá oorun ló ń sùn. Àbúrò mi kò fẹ́ gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. "Bùọ̀dá mi, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ń rí wa."

Ó ń rí wa, bí ó ṣe ń rí òpó. Ní 1995, olùwádìí kan, William Hamner, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kọ̀wé pé Chironex máa ń yà fún ohun dúdú tó bá dúró níwájú rẹ̀ nínú omi. Kò sí ohun tó fẹ́ fi wá ṣe. Ara rẹ̀ yóò yà, ṣùgbọ́n fọ́nrán tó gùn tó mítà 3 ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, èèyàn tó sì sáré já wọ omi kò fún un láyè láti yà rárá. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún un lórí fóònù. Ó ní òun ń lọ ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń bo ara látọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, torí láti November sí May, kò sí ẹni tó gbọ́n tó ń wọ òkun ibẹ̀ láìwọ̀ ọ́. Àwọ̀ wo ni kí òun rà?

"Dúdú," ni mo ní. "Kó lè tètè rí ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní èyí tí òun ti mú dání ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ olódòdó, owó rẹ̀ sì dín sí ti dúdú, kí n yáa wá sọ fún jẹ́lífíìṣì kó wo ti òdòdó náà.